Bí Wọ́n Bá Fẹ́ Yẹ Ìtọ̀ Ọmọ Wa Wò Kí Ó Tó Gbá Bọ́ọ̀lù

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe èyí tí a máa ń gbọ́ lórí pẹpẹ, nítorí ọ̀rọ̀ ìtọ̀ ni. Àwọn òbí kan ní Fìdítì àti ní Ìlọrà bi wá léèrè pé: bí ilé-ìwé sẹ́kọ́ńdìrì bá ní òun fẹ́ máa gba ìtọ̀ àwọn ọmọ tí ó wà nínú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù, àwọn tí ń sá eré ìje, àwọn tí ń lu ìlù báǹdì àti àwọn tí ń jó ijó ìbílẹ̀, láti mọ̀ bóyá wọ́n ń lo òògùn olóró, ṣé kí òbí tí ó jẹ́ Kristẹni fọwọ́ sí ìwé náà ni, tàbí kí ó kọ̀?

Ìdáhùn méjì ni ó máa ń yára jáde lẹ́nu ènìyàn. Bàbá kan yóò ní, "Kí wọ́n yẹ gbogbo wọn wò! Ọmọ tí kò bá ṣe ohun ìkọ̀kọ̀, kí ni yóò máa bẹ̀rù?" Ìyá kan yóò ní, "Ọmọ tèmi? Ọmọ tí ó ń kọrin nínú ìjọ? Ìwọ̀sí gbáà ni." A gbé ìdáhùn méjèèjì yẹ̀wò, a sì rí i pé kò sí èyí tí ó tó. Ní tiwa, ohun tí a kọ́kọ́ fẹ́ mọ̀ ni ohun tí wọn yóò ṣe fún ọmọ náà ní ọjọ́ kejì tí èsì bá jáde. Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà.

ÌDÍ TÍ Ọ̀RỌ̀ NÁÀ FI DÉ

Ẹ̀rù tí ń ba àwọn òbí kì í ṣe ẹ̀rù lásán. Ní ọdún 2018, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń ṣe ìṣirò, NBS, pẹ̀lú àjọ UNODC ti Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè Àgbáyé, ṣe ìwádìí nípa lílo òògùn olóró ní Nàìjíríà, èsì rẹ̀ sì jáde ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019. Nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 15 sí 64, ó lé ní 14 tí ó lo òògùn olóró láàárín ọdún kan. Gbogbo wọn lé ní mílíọ̀nù 14. Ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn tí àwa ń gbé, ó lé ní 22 nínú 100. Ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wa, 23 nínú 100 ni. Igbó ni wọ́n ń lò jù; tramadol àti òògùn ikọ́ tí ó ní codeine nínú wà lára èyí tí ó tẹ̀ lé e. Wọn kò tilẹ̀ ka ọtí àti sìgá mọ́ ọn.

Kí a tó máa na ìka sí àwọn ọmọ, ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn pé ìwádìí kan náà ni ó sọ pé àwọn tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 25 sí 39 ni wọ́n ń lò ó jù. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn wọ̀nyí ti ní ìyàwó tàbí ọkọ. Àwọn ọmọ wọn ń wò wọ́n.

Ìjọba náà kò káwọ́ lẹ́rán. Láti ọdún 1989 ni wọ́n ti dá àjọ NDLEA sílẹ̀ láti gbógun ti òògùn olóró. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2018, ìjọba àpapọ̀ fi òfin de ṣíṣe òògùn ikọ́ olómi tí ó ní codeine àti kíkó o wọ orílẹ̀-èdè yìí, lẹ́yìn tí ilé-iṣẹ́ BBC ti tú àṣírí bí àwọn kan ṣe ń tà á fún àwọn ọ̀dọ́. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún 2021, tí í ṣe ọjọ́ tí gbogbo àgbáyé fi ń ronú lórí òògùn olóró, ìjọba ṣe ìfilọ́lẹ̀ ètò tuntun lábẹ́ ọ̀gá àgbà NDLEA, Ọ̀gágun Buba Marwa. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ àyẹ̀wò ti ń pọ̀ sí i. Ọ̀gágun náà rọ àwọn ìjọ àti ìdílé pé kí àwọn tí ó fẹ́ ṣe ìgbéyàwó máa ṣe é. Ní ọdún 2025, ó gbé ọ̀rọ̀ lọ bá Mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Dókítà Tunji Alausa, pé kí wọ́n fi ẹ̀kọ́ nípa òògùn olóró sínú ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì, kí àyẹ̀wò òjijì sì wà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ìwé gíga. Àwọn òbí tí ó bi wá léèrè wò ó pé ohun tí ó bá dé yunifásítì lónìí kò ní í pẹ́ kí ó tó dé sẹ́kọ́ńdìrì. A kò lè dá wọn lẹ́bi.

Ẹni tí ó bá mọ àgbègbè Afíjíò yóò mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kàn wá gan-an. Ojú títì Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ ni Fìdítì wà. Èso ni àwọn arìnrìn-àjò fi mọ̀ ọ́n, ọsàn àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó tí a tò sí etí títì. Ìlọrà ní tirẹ̀ súnmọ́ Ọ̀yọ́ àti Àwẹ́. Ìbùkún ni títì náà jẹ́ fún wa, àmọ́ ohun tí títì ń gbé wá kì í ṣe owó nìkan. Níbi tí ọkọ̀ bá ń dúró sí, alápáràgà yóò wà níbẹ̀ láti àárọ̀, pẹ̀lú ìgò tí ó to ewé àti egbò sí nínú ọtí líle. Ẹni tí ó bá ń ru ẹrù yóò gbé tramadol mì kí ara má baà ro ó, ọmọ tí ó bá sì ń bá a ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ilé-ìwé yóò rí i pé ó ń ṣiṣẹ́ bí ẹni tí kò mọ àárẹ̀. Ọmọ náà ní eré ìje lọ́la. Ẹ kò nílò wòlíì láti mọ ohun tí ọkàn rẹ̀ yóò sọ fún un.

OHUN TÍ WỌ́N TI ṢE NÍ ILẸ̀ AMẸ́RÍKÀ

Kì í ṣe àwa ni a kọ́kọ́ ń jiyàn lórí èyí. Ìlú kékeré kan wà ní ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà, Vernonia ni orúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ gẹdú ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́, ìlú tí olúkúlùkù ti mọ ọmọ ẹnìkejì ni, bí ti wa níbí. Àwọn tíṣà ibẹ̀ kíyèsí i pé òògùn olóró ń pọ̀ láàárín àwọn ọmọ, àwọn eléré ìdárayá tí gbogbo ọmọ yòókù ń wò bí àwòkọ́ṣe sì ni wọ́n ṣíwájú níbẹ̀. Ní ọdún 1989, ilé-ìwé ṣe òfin pé ọmọ tí ó bá fẹ́ ṣe eré ìdárayá, òun àti òbí rẹ̀ yóò kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìwé. Gbogbo wọn yóò ṣe àyẹ̀wò ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà eré. Lẹ́yìn náà, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, wọn yóò ṣẹ́ kèké mú ìdá kan nínú mẹ́wàá àwọn ọmọ náà (ẹ má rò pé ìdámẹ́wàá ti ilé Ọlọ́run ni o), àwọn tí kèké bá mú yóò sì tọ̀ sínú ike.

Ní ọdún 1991, ọmọ kan tí ń jẹ́ James Acton fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù, òun àti òbí rẹ̀ sì kọ̀ láti fọwọ́ sí ìwé náà. Wọ́n ní kò sí ẹni tí ó rí ohunkóhun lọ́wọ́ ọmọ àwọn, kí ló dé tí wọn yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò bí ọ̀daràn? Ẹjọ́ náà dé Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún 1995, adájọ́ mẹ́fà nínú mẹ́sàn-án dá ilé-ìwé láre.

Àwọn tí ó bá sọ ìtàn yìí máa ń dúró síbẹ̀ yẹn. Àwa kò ní í dúró, nítorí ohun tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni ó ṣe pàtàkì sí òbí. Bí èsì ọmọ kan bá fi hàn pé òògùn wà lára rẹ̀ ní Vernonia, wọn yóò tún un yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kejì. Bí ó bá tún rí bẹ́ẹ̀, wọn yóò pe òbí rẹ̀, wọn yóò sì fi ohun méjì síwájú ọmọ náà: kí ó gba ìtọ́sọ́nà àti ìrànlọ́wọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, pẹ̀lú àyẹ̀wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tàbí kí ó fi eré sílẹ̀ títí sáà náà àti èyí tí ó tẹ̀ lé e yóò fi parí. Wọn kò pe ọlọ́pàá. Wọn kò lé e kúrò ní ilé-ìwé. Àwọn adájọ́ náà sì wo èyí kí wọ́n tó dá wọn láre.

Lẹ́yìn èyí, ìlú mìíràn, Tecumseh ní ìpínlẹ̀ Oklahoma, fẹ òfin náà lójú. Wọ́n ní kì í ṣe eléré ìdárayá nìkan. Ẹni tí ń kọrin, ẹni tí ń lu ìlù tàbí tí ń fọn fèrè, àní àwọn tí ń lọ figagbága nínú ìmọ̀ ìwé, gbogbo wọn ni yóò ṣe é. Ọmọbìnrin kan tí ń kọrin, Lindsay Earls, gbé wọn lọ sílé ẹjọ́. Òun fúnra rẹ̀ ti ṣe àyẹ̀wò náà, kò sì sí òògùn kankan lára rẹ̀. Ilé-ẹjọ́ tún dá ilé-ìwé láre ní ọjọ́ 27 oṣù kẹfà ọdún 2002, àmọ́ díẹ̀ báyìí ni wọ́n fi borí: márùn-ún sí mẹ́rin. Adájọ́ obìnrin kan, Ruth Bader Ginsburg, kò gbà. Ó ní àwọn ọmọ tí ó wà nínú ẹgbẹ́ akọrin àti eré lẹ́yìn ẹ̀kọ́ ni kì í sábà lo òògùn, àti pé òfin yìí lè lé ọmọ tí ó wà létí kòtò sá kúrò nínú ẹgbẹ́ tí ì bá gbà á là. Ẹ̀sùn kan tún wà nínú ẹjọ́ náà pé wọ́n fi ìwé tí a kọ òògùn ìwòsàn àwọn ọmọ sí síbi tí ojú àwọn ọmọ mìíràn ti lè tó o. Ẹ fojú inú wo irú èyí ní Fìdítì, kí ó tó di ìrọ̀lẹ́ gbogbo ọjà ti gbọ́.

Ṣé ó ṣiṣẹ́? Ní ọdún 2010, ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ ìjọba Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde lórí ilé-ìwé sẹ́kọ́ńdìrì 36. Níbi tí àyẹ̀wò wà, 16 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ tí òfin náà kàn sọ pé àwọn lo òògùn láàárín oṣù kan. Níbi tí kò sí, 22 ni. Ó dín kù díẹ̀, a kò ní í purọ́ pé kò dín. Àmọ́ nígbà tí wọ́n bi wọ́n bóyá wọn yóò lò ó ní ọdún tí ń bọ̀, 34 nínú 100 ní ẹ̀gbẹ́ kan, 33 ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ní wọ́n sọ pé ó ṣeé ṣe. Èyí já sí pé ọwọ́ sinmi díẹ̀, ọkàn kò yí padà. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń ka Bíbélì fún ìgbà pípẹ́ kò ní í ṣe háà sí èyí.

OHUN TÍ ÌTỌ̀ LÈ SỌ ÀTI OHUN TÍ KÒ LÈ SỌ

Ọ̀pọ̀ òbí rò pé àyẹ̀wò dà bí ojú Ọlọ́run tí kì í ṣìnà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun pẹlẹbẹ kékeré kan ni wọ́n sábà máa ń kì bọ inú ìtọ̀, bí èyí tí àwọn obìnrin fi ń wo oyún. Níbi ti oyún, ìlà méjì túmọ̀ sí pé oyún wà. Níbi ti òògùn olóró, ìlà méjì túmọ̀ sí pé kò sí òògùn. Tíṣà tí kò mọ ìyàtọ̀ yìí lè sọ ọmọ aláìlẹ́bi di amugbó kí agogo tó lù.

Ìkejì ni ti ọjọ́. Ọtí kì í pẹ́ lára. Ọmọ tí ó mu páràgà ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, bí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́ wò ní ọjọ́ Ajé, yóò mọ́ bí ẹ̀gbọ̀n òwú. Igbó ní tirẹ̀ máa ń dúró. Ẹni tí ó mu ún lẹ́ẹ̀kan, ó lè kúrò lára rẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹni tí ó ti ń mu ún déédéé, ó lè tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ó tó tán nínú ìtọ̀ rẹ̀. Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ọmọ kan lè ronú pìwà dà ní ìsọjí, kí ó ju gbogbo rẹ̀ nù, kí ó má sì fọwọ́ kàn án mọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, síbẹ̀ kí ìtọ̀ rẹ̀ ṣì máa jẹ́rìí lòdì sí i. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ó mutí yó lóṣù yìí yóò sì gba àmì-ẹ̀yẹ ọmọ rere.

Ìkẹta, àyẹ̀wò kì í rí ohun tí a kò fi í wá. Èyí tí ó ń wá codeine àti irú rẹ̀ kì í sábà rí tramadol. Tramadol ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Èyí tí ó ń wá igbó kì í rí ohun tí wọ́n ń pè ní Colorado, tí a fi kẹ́míkà ṣe, tí ó sì burú ju igbó lọ. Ọmọ tí ó ń fa gọ́ọ̀mù tàbí pẹtiróòlù símú, kò sí ọ̀kan nínú wọn tí yóò mú un. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tí dókítà fún ní òògùn tí ó ní codeine fún ìrora lè bọ́ sínú páńpẹ́ láìṣẹ̀. Nítorí náà ni àwọn onímọ̀ ṣe ń sọ pé àyẹ̀wò àkọ́kọ́ kò tó láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ó gbọ́dọ̀ lọ sí ilé àyẹ̀wò gidi tí ó ní ẹ̀rọ, ìyẹn sì ń ná owó.

A rí àpẹẹrẹ èyí nínú ilé Olúwa ní Ṣílò. Nínú ìwé Sámúẹ́lì Kìn-ín-ní, orí kìn-ín-ní, àlùfáà Élì jókòó létí òpó ilẹ̀kùn, ó ń wo ẹnu Hánà. Ó rí i tí ètè ń mì tí ohùn kò sì jáde, ó sì parí èrò sí pé ọtí ni ó ń pa obìnrin náà. Àyẹ̀wò tirẹ̀ nìyẹn, ó sì kùnà pátápátá. Ìbànújẹ́ ni ó wà lára Hánà. Ẹ kíyèsí ohun méjì. Élì fi etí sílẹ̀ nígbà tí Hánà ṣàlàyé, ó yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà, ó sì súre fún un. Tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, obìnrin náà ì bá jáde kúrò nínú ilé Ọlọ́run pẹ̀lú ìtìjú. Ìkejì, nígbà tí Élì ń ṣọ́ obìnrin àlejò lójú méjèèjì, àwọn ọmọ tirẹ̀, Hófínì àti Fíníhásì, ń hu ìwà ìbàjẹ́ nínú ilé kan náà, gbogbo Ísírẹ́lì sì mọ̀.

ỌJỌ́ KEJÌ

Ẹ jẹ́ kí a gbà pé àyẹ̀wò náà péye, pé wọ́n ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, àti pé òótọ́ ni ọmọ náà ń mu igbó. Kí ni ó kàn?

Bí ìdáhùn ilé-ìwé bá jẹ́ pé, "A ó yọ ọ́ kúrò nínú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù," ẹ bi wọ́n pé níbo ni ẹ fẹ́ kí ó wà láti aago méjì sí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́? Orí pápá ni olùkọ́ ti ń rí i lójoojúmọ́. Bí ẹ bá ti lé e kúrò níbẹ̀, àwọn tí ó kọ́ ọ ní igbó kò lé e. Wọn ń dúró dè é létí títì pẹ̀lú ẹ̀rín músẹ́.

Àwa nínú ìjọ náà gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, nítorí a mọ irú ìbáwí bẹ́ẹ̀ dáadáa. Bí a bá gbọ́ pé ọmọkùnrin tí ń lu ìlù lọ́jọ́ Ìsinmi wà láàárín àwọn amugbó, lójú ẹsẹ̀ ni a ó gba ọ̀pá ìlù lọ́wọ́ rẹ̀, a ó sì ní kí ó lọ jókòó sẹ́yìn fún oṣù mẹ́fà. A kò sọ pé ìbáwí kò dára. Àmọ́ ta ni ó ń bẹ̀ ẹ́ wò láàárín oṣù mẹ́fà náà? Ta ni ó ń bi í bí ó ṣe sùn? Nínú ọ̀pọ̀ ìjọ, oṣù kejì kò ní í pé tí ìjókòó ẹ̀yìn náà yóò fi ṣófo. Yorùbá ní a kì í ní ọmọ burúkú kí a fi fún ẹkùn pa jẹ.

A tún ti ń ṣe àyẹ̀wò nínú ìjọ tipẹ́. Ẹni tí ó fẹ́ ṣe ìgbéyàwó ń mú èsì AS tàbí SS wá, ó ń mú ti kòkòrò HIV wá. A mọ ibi tí ó ti ṣe wá láǹfààní: ọ̀pọ̀ ìdílé ni kò sunkún ọmọ nítorí pé wọ́n mọ̀ ṣáájú. A sì mọ ibi tí ó ti bàjẹ́, nígbà tí ìwé kan kúrò nínú àpótí tí ó wà, tí ọ̀rọ̀ ọmọ ọlọ́mọ di ohun tí wọ́n ń jẹ lẹ́nu níbi ìfọṣọ. Ìjọ tí kò lè pa àṣírí mọ́, kí ó má ṣe bèèrè ìtọ̀ ẹnikẹ́ni.

Ibì kan sì wà tí a kò gbọ́dọ̀ gbé ọmọ lọ. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, ọlọ́pàá tú àwọn ènìyàn tí ó lé ní 250 sílẹ̀ nínú ilé kan ní Ọjọ́ọ̀, ní Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti há wọn mọ́ ní orúkọ ìtọ́jú. Ẹbí àwọn kan nínú wọn ni ó fà wọ́n lé àwọn onílé náà lọ́wọ́. Ní ọ̀nà tí àwa ará Fìdítì ń gbà wọ Ìbàdàn ni o. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé ẹlẹ́sìn mìíràn nìkan ni. Ní ọdún yẹn kan náà, àjọ Human Rights Watch kọ ọ́ pé àwọn rí ènìyàn nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ní ibùdó àwọn Kristẹni, ti àwọn Mùsùlùmí, ti oníṣègùn ìbílẹ̀, àní àti ti ìjọba. Ọmọ tí òògùn ti wọ̀ lára, ara rẹ̀ ti ń ṣàìsàn. Bí ó bá dá tramadol dúró lójijì, òógùn yóò máa bò ó, oorun yóò dá lójú rẹ̀, gbogbo ara yóò máa ro ó, gìrì sì lè mú ẹlòmíràn. Ẹ gbàdúrà fún un, kí ẹ sì gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ilé ìwòsàn Arò ní Abẹ́òkúta ní ẹ̀ka tí ń tọ́jú àwọn tí òògùn olóró ti di bárakú fún. UCH ní Ìbàdàn ní dókítà tí ó mọ̀ nípa rẹ̀. NDLEA pẹ̀lú ní nọ́ńbà tí a lè pè lọ́sàn-án lóru láìsan owó, 0800 1020 3040, fún ìmọ̀ràn. Ẹni tí ó bá pè é fún ìrànlọ́wọ́ kò fi ọmọ rẹ̀ sùn.

FÚN Ẹ̀YIN Ọ̀DỌ́

Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí dà bí pé àwọn àgbà kan ń gbìmọ̀ lé yín lórí. Ẹ rántí Dáníẹ́lì ní Bábílónì. Kì í ṣe àwọn ará Bábílónì ni wọ́n ní kí ó wá ṣe àyẹ̀wò. Òun ni ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dán òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ òun wò fún ọjọ́ mẹ́wàá, ó sọ ohun tí wọn yóò jẹ, ó sọ ohun tí wọn yóò mu, ó sì ní kí wọ́n fi ojú òun wé ojú àwọn yòókù ní ìparí rẹ̀. Ọmọ tí ó bá ti ń lo nǹkan kan, tí ó sì fẹ́ jáwọ́, lè lọ bá ìyá rẹ̀ kí ó sọ pé, "Mọ́mì, ẹ máa yẹ̀ mí wò lóṣooṣù, kí n lè rí ohun tí n ó fi dá àwọn ọ̀rẹ́ mi lóhùn." Àwáwí tí ó dára gan-an ni lójú àwọn ọ̀rẹ́ burúkú. Ìyá tí ọmọ bá sọ irú ọ̀rọ̀ yìí fún, kí ó má kígbe. Kí ó joko.

Ẹ̀kọ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní Unplugged tí UNODC gbé wọ àwọn ilé-ìwé sẹ́kọ́ńdìrì kan ní Nàìjíríà. Ìpín méjìlá ni. Kò fi bẹ́ẹ̀ dẹ́rù ba ọmọ pẹ̀lú àwòrán òkú àti wèrè. Ó ń kọ́ ọ bí yóò ṣe sọ pé rárá láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láìdi ẹni ẹ̀sín. Bí àwọn òbí bá fẹ́ béèrè ohun kan lọ́wọ́ ilé-ìwé, ẹ̀kọ́ irú èyí ni àwa yóò kọ́kọ́ béèrè kí a tó béèrè ike ìtọ̀.

BÍ ÌWÉ NÁÀ BÁ DÉ ỌWỌ́ YÍN

Ẹ má sáré fọwọ́ sí i, ẹ má sì sáré fà á ya. Ẹ dìde nínú ìpàdé òbí àti olùkọ́, kí ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè ẹni tí yóò gba ìtọ̀ náà, bóyá nọ́ọ̀sì ni tàbí tíṣà eré ìdárayá. Ẹ béèrè àwọn òògùn tí wọn yóò wá níbẹ̀, nítorí àyẹ̀wò tí kò bá wá tramadol ní àgbègbè wa yìí kò mọ ibi tí ó wà. Ẹ béèrè ẹni tí yóò san owó àyẹ̀wò kejì ní ilé àyẹ̀wò gidi. Ẹ béèrè ẹni mélòó ni yóò rí èsì. Bí wọ́n bá dárúkọ ju pírínsípà, nọ́ọ̀sì àti òbí lọ, ó ti pọ̀ jù. Ẹ béèrè bóyá àwọn olùkọ́ náà yóò tọ̀ sínú ike (inú yóò bí àwọn kan, àmọ́ àwọn ọmọ yóò gbọ́ ìdáhùn wọn). Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ẹ béèrè ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ kejì.

Bí wọ́n bá ní wọn yóò lé ọmọ náà tàbí kí wọ́n fa á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́, àwa kò ní í fọwọ́ sí i, a ó sì sọ ìdí rẹ̀. Bí wọ́n bá ní wọn yóò pe òbí rẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀, wọn yóò fi í lé ẹni tí ó mọ̀ nípa ìtọ́jú lọ́wọ́, yóò sì máa bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù tàbí kí ó máa fọn fèrè rẹ̀ lọ bí dókítà bá ní kò léwu, ọwọ́ méjèèjì ni a ó fi fọwọ́ sí i.

Kí ìpàdé náà tó dé, iṣẹ́ wà nílé. Ẹ wo inú kọ́bọ́ọ̀dù tí ẹ ń kó òògùn sí, kí ẹ kó èyí tí ó kù nínú òògùn ìrora àti ti ikọ́ kúrò níbi tí ọwọ́ ọmọ lè tó. Ẹ dá rírán ọmọ lọ ra sìgá tàbí páràgà fún àlejò dúró, ìbáà jẹ́ ẹ̀gbọ́n bàbá ni àlejò náà. Ẹ bá kẹ́mísìtì àdúgbò yín sọ̀rọ̀ pé ẹ kò fẹ́ kí ó ta tramadol fún ọmọ yín láìsí ìwé dókítà, ẹ jẹ́ kí ó mọ orúkọ ọmọ náà àti ojú rẹ̀. Bí ìwé láti ilé-ìwé bá sì ti dé, tí ẹ̀yin fúnra yín kò mọ èyí tí ẹ ó ṣe, ẹ mú un wá sí ìpàdé ìdílé lẹ́yìn ìsìn, kí a jọ kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fa kálámù yọ.